Ìpè Egungun Tí Mo Fi Pe Àbúrò Mi Nínú Igbó Adákẹ́dáhùn

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá jókòó jìnnà yóò gbọ́ ohùn, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń rún orógbó, kó tètè gbé e mì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo eyín. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí bí arúgbó tó ń yá oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kò mọ Ọdẹ́bíyìí ìgbà èwe, ọmọ Ojúọlápé, ọkùnrin tí ẹfọ̀n rí tó yà fún lọ́nà, tí àmọ̀tẹ́kùn gbọ́ òórùn àpò rẹ̀ tó gbàgbé ibi tó kó ọmọ sí. Lọ́jọ́ mìíràn, bí mo bá ní mo pa erin, ẹ má ṣe bi mí léèrè eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti òní yìí, n kò ní fi iyọ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní òkú nínú, a kì í fi ṣe fáàrí.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí: èmi, àti àbúrò mi Ọdẹ́tókun, tí ìyá wa máa ń fi oríkì pè ní Àkànó. A jọ ń ṣe ọdẹ ni. Súfèé ni àmì tó wà láàárín wa: bí ọ̀kan bá sú u lẹ́ẹ̀mẹta, èkejì á sú tirẹ̀ padà, kí ọ̀kan má baà yìnbọn lu èkejì nínú igbó.

Ní ọjọ́ tí ibi ṣẹlẹ̀, a ti pa ẹtu kan láàárọ̀, a sì ti bá ara wa jà lórí itan rẹ̀. Àkànó fẹ́ gbé itan náà fún àna rẹ̀. Èmi ní èmi ni mo pa á, èmi ni màá pín in. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà ni mo rò lọ́jọ́ náà. Mo gbé gbogbo ẹran kọ́ èjìká, mo kọjú sílé. Òun náà bínú, ó yà sápá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, nítorí apá òsì ni Igbó Adákẹ́dáhùn wà.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ súfèé rẹ̀. Fíì! Fíì! Fíì! Mo gbọ́ ọ ketekete, n kò dá a lóhùn. Mo ní kó dúró kí inú mi rọ̀ ná. Ó tún sú u. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohùn náà kò jáde tán. Ó gé láàárín bí okùn tí ẹnìkan fà já.

Mo ju ẹran sílẹ̀, mo sáré padà. Fìlà rẹ̀ ni mo bá lórí koríko. Ìbọn rẹ̀ fẹ̀yìn ti igi, bí ìgbà tí olówó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í síbẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ènìyàn.

A wá a títí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, bí ìyá wa ti ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tòlótòló kan ké láti etí igbó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹyẹ ilé ni tòlótòló lọ́dọ̀ wa, kò sí tòlótòló igbó ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Èyí ké gbólógbóló bí akọ wọn ti ń ké, ṣùgbọ́n nígbà tí igbe náà parí, ó sú súfèé tẹ̀ lé e: fíì, fíì, ẹ̀kẹta sì gé láàárín.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá wa. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ lọ ní méjì. Ìwọ nìkan ló dé. Ta ni kí n bi?"

Láti ọjọ́ náà, ohùn yẹn kò yẹ̀ ní òròòwúrọ̀. Èmi tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà, ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń fi owú di etí mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá wa kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun mọ́, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi iná. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ fún àwa méjèèjì, bí ìgbà tí a ti ń jọ wọlé. Ní ọjọ́ kan ó bu ti Àkànó, ó gbé e síwájú àga rẹ̀, ó sì bo ìkòkò. Mo ní, "Ìyá, tèmi ńkọ́?" Ó wọ yàrá lọ. Kò bu tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìbọn, mo yà sápá òsì.

Ìrìn-àjò kò dà bí ilé. Ẹ má bi mí léèrè iye odò tí mo là kọjá. Ní ẹnubodè igbó náà ni mo ti pàdé Elétíbẹní. Ìrísí ọkùnrin ló ní, ṣùgbọ́n kò ní ojú rárá. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ẹní: ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó fi èkejì bora. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọdẹ, àyà rẹ ń dún bí ẹni ń gún iyán fún àlejò," ó wí. "Ọ̀kan tó jọ ọ́ ti kọjá níhìn-ín, kò dúró gbọ́ àlọ́ mi. Ìwọ, dúró. Kí ló ń wọlé tí ilé ń dúró, tó jáde lọ láìpadà tí ilé wó?"

Mo ro oúnjẹ, mo ro oorun, mo ro ọkọ ilé. Etí tó fi bora bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì ń nà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti yí mi ká. Lójijì mo rántí súfèé àbúrò mi tó gé láàárín.

"Èémí ni," mo wí.

Etí náà padà sẹ́yìn. "Èémí ni, òun sì ni igbó yìí ń jẹ. Ẹni tó bá fọn ohunkóhun síta níbẹ̀, ìbáà ṣe súfèé, ìbáà ṣe fèrè, ìbáà ṣe orúkọ ẹni tó fẹ́ràn, ohùn náà kò ní padà, òun náà á sì tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn á di òkú tó ń rìn. Ẹlòmíràn, bí ti àbúrò rẹ, á di ẹyẹ. Ohun tí a bá fà sínú nìkan ni igbó kì í rí. Gba Ìlú Àmísínú lọ, kí o bi Ìyá Afèémípamọ́ bí a ti ń pe ẹyẹ láìfọn."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí ìlú tí ibojì wà láàárín ọjà, n kò rí irú Àmísínú rí. Etí igbó ni ìlú náà wà, kò wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù igbó ti mọ́ wọn lára. Wọ́n sá aṣọ sórí okùn, kò mì. Wọn kì í fẹ́ iná: bí ẹyin iná bá ń kú, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó. Ọmọdé kì í fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń dúró dè é ni. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń mí sínú ni wọ́n ń sọ ọ́, bí ọmọ tí wọ́n nà tó ń fi ẹkún ròyìn. Gbogbo ìlú ni ohùn wọn dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹnìkan kú.

Mo bá Ìyá Afèémípamọ́ nídìí ògiri rẹ̀. Obìnrin kékeré, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ tóbi bí ìkòkò aró. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ó wọlé, ó mú ohun kan jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Egungun apá tòlótòló ni, egungun mẹ́ta tí wọ́n tì bọ inú ara wọn: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú èyí tó tóbi díẹ̀, ìyẹn bọ inú èyí tó fẹ̀, wọ́n sì fi ìda oyin dí oríkèé wọn. Ó funfun, ó dán, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo gbé e sẹ́nu bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti ń fọn fèrè ọdẹ kí n tó mọ aṣọ í ró! Bí mo ti fẹ́ fọn ọ́n ni ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò rẹ̀.

"O ti kú," ó wí. "Ká ní inú igbó la wà, o ti kú nìyẹn. Má fọn ọ́n. Fà á."

Mo fà á. Itọ́ ló wọ̀ mí lọ́fun. Mo fà á kíkankíkan, ó dún bí ewúrẹ́ tí ikọ́ ń ṣe. Mo tún un fà, ó dún bí ohun tí àgbàlagbà tú sílẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí tí gbogbo ènìyàn fi ń wo òrùlé. Làmídì aránṣọ, máa rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Èmi náà fẹ́ rín in lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìlú yẹn, inú ló ń lọ, ó sì ń dun ni láyà.

Ọjọ́ méje ni mo fi fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ro mí, ètè mi wú bí ẹni tí oyin ta. Bí mo bá fà á líle, kò dún. Bí mo bá fà á jẹ́jẹ́, kò dún. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ju egungun náà sórí ẹní, mo ní kò sí ohùn nínú rẹ̀.

Màmá náà wò mí. "Ìyàwó ń bẹ nílé rẹ?"

"Ó ń bẹ, mà."

"Bí o bá ṣe ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń pòṣé ni, mà."

"Pòṣé kí n gbọ́."

Mo pòṣé.

"Ìta ni èémí rẹ lọ, àbí inú?"

Mo tún pòṣé, mo fi ọwọ́ síwájú ẹnu. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ síwájú ẹnu yín kí ẹ pòṣé, ẹ ó rí i. Láti kékeré ni mo ti ń pòṣé, n kò mọ̀ pé inú ló ń lọ!

"Ohùn kan tí gbogbo ọmọ ènìyàn ń fà sínú láìní olùkọ́ nìyẹn," ó wí. "Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn wá ń fi bú ara yín. Gbé egungun sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, má fi sí àárín. Pa ètè mọ́ ọn dáadáa kí afẹ́fẹ́ má rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà. Fà á ṣókí, bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn inú egungun, kí o sì jù ú sílẹ̀ kíá."

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Mo pa ètè. Mo fà á ṣókí.

*Kiyọ́.*

Ohùn náà kò jọ ohun tó ti ara mi jáde. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ọrùn mi tó sọ̀rọ̀.

Ó ku ọwọ́. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu ńlá egungun náà bí ẹni bu omi, kí n ṣí i, kí n pa á, kí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ lókè kó sì já sísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn lọ sórí ìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ló ń sọ fún mi lójoojúmọ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n fà á, mà?"

"Mẹ́ta. Kí o dákẹ́."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Dákẹ́."

"Bó bá pẹ́?"

"Dákẹ́ sí i. Ìpè púpọ̀ kì í ṣe ìpè ẹnìkan mọ́. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kò pè rí ni yóò dá ọ lóhùn."

Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ wọ igbó, mo bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í tipẹ́: "Ta ló ni egungun yìí?"

Ó fa ọ̀rọ̀ sínú. "Olóhùnìdájí ló ń jẹ́. Ènìyàn ni òun náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹyẹ, tí kò mọ ohun tí ẹyẹ ń jẹ, tí kò mọ ẹ̀ka tí ẹyẹ ń sùn sí, òun ló mú un mọ́ra. Wọ́n di tọkọtaya. Akátá pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àbúrò rẹ kó ewé bo òkú rẹ̀, ó dúró tì í títí ewé fi gbẹ. Nígbà tó lọ tán ni mo ṣa egungun."

Mo gbé ìpè náà sílẹ̀. "Mà, n kò lè fi ohùn òkú pe àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ohùn tèmi pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

"Ìwọ tí ó pè tí o kò dá a lóhùn?"

Ojú mi wálẹ̀. Mo rí ọrùn ìyá mi, mo rí àwo kan ṣoṣo níwájú àga. Mo mú egungun náà nílẹ̀. Mo ní, "Màá ṣe é."

"Bó bá dé, fi ẹnu ńlá egungun bo ẹnu rẹ̀, kí o fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí o gbé ohun tí o bá fà mì. Yóò di ènìyàn padà." Ó yíjú sógiri. "N kò bi ọ́ bóyá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Mo wọ Igbó Adákẹ́dáhùn bí ojúmọ́ ti ń là. Ewé tí mo tẹ̀ kò dún. Mo jókòó sídìí igi ńlá kan, mo fi ẹ̀yìn tì í, mo ń fi imú mí díẹ̀díẹ̀. Mo gbé egungun sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. *Kiyọ́. Kiyọ́. Kiyọ́.* Mo dákẹ́.

Kò sí nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ igbó náà ń wọ̀ mí létí bí omi. Sùúrù tí mo fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ́ tán nínú mi kí oòrùn tó yọ. Mo tún un fà. Mo tún un fà sí i. Ẹ̀rù ló ń fà á, kì í ṣe èmi mọ́. N kò lè sọ iye rẹ̀.

Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ.

Wọ́n jáde láti ẹ̀yìn igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan gbé agbọ̀n. Ọdẹ kan wọ gbérí tó ti di àkísà. Ọkùnrin kan mú àáké dání bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí igi. Gbogbo wọn ya ẹnu sílẹ̀, kò sí èémí tó ń wọ ibẹ̀, kò sì sí èyí tó ń jáde. Wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ń wo egungun tó wà lọ́wọ́ mi, bí ẹni tí ebi ń pa ti ń wo ẹran orí iná. Ọdẹ náà tẹ̀ wálẹ̀, ó fi etí lé mi láyà. Etí rẹ̀ tutù. Ó ń gbọ́ bí mo ti ń mí, ó sì ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ orin tó ti gbàgbé.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ màmá náà tó yé mi. Mo ti pè wọ́n. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti ń retí ìpè láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọnù, mo ti pè wọ́n láìmọ orúkọ ẹnìkan nínú wọn. Mo gbé egungun náà lé orí eékún, mo sì dákẹ́. N kò gbọn eṣinṣin, n kò pajú. Oòrùn gòkè títí ó fi dúró sí àárín orí. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò ní pè mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé agbọ̀n ló lọ kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wò mí lójú, ó rí i pé n kì í ṣe ọmọ òun, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀.

N kò tíì bọ́ nínú ìyẹn tán tí akọ tòlótòló fi ké lẹ́yìn mi. Gbólógbóló. Fíì, fíì.

N kò yíjú. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan péré, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí aya tó ń sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ewé tí kò dún fún mi ń dún fún òun. Ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ igi: ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí epo lórí omi, orí rẹ̀ aláró, ọrùn rẹ̀ pupa. Ó rí mi.

Mo ti wo ojú ẹkùn rí, mo ti wo ojú òjòlá. Ojú tí àbúrò mi fi wò mí lọ́jọ́ náà ló ń jí mi lóorun títí di òní. Kò sá. Ó wò mí, ó wò mí, lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo apá ọ̀tún igi, ó wo apá òsì. Ó ń wò ó bóyá aya rẹ̀ ni mo jókòó dí.

Mo gbá a mú. Kò jà. Mo fi egungun bo ẹnu rẹ̀, mo fà á. Súfèé tó gé láàárín wọ̀ mí lọ́fun, ó tutù bí omi àmù ní ìdájí. Mo tún fà á: òjò ń rọ̀, ìyẹ́ ẹnìkan bò mí, ara mi gbẹ, n kò mọ ẹni tó bò mí, omi sì bọ́ lójú mi. Mo fà á lẹ́ẹ̀kẹta: n kò rí nǹkan kan, n kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọlé sí mi lára bí òkúta wọ inú kànga. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì kanlẹ̀.

Nígbà tí mo la ojú, Àkànó dùbúlẹ̀ níhòòhò, ìyẹ́ tú ká nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi gbérí mi bò ó. A kò sọ̀rọ̀ jáde kúrò nínú igbó, nítorí èèwọ̀ ni. Nígbà tí a kọjá ẹnubodè, kì í ṣe èèwọ̀ mọ́. Kò sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ìyá wa wà lórí àga nígbà tí a wọlé. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀, ó di ìka rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àkànó," ó wí.

"Ìyá," àbúrò mi dáhùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìyá wa jẹun lọ́jọ́ náà. Ó sanra padà, ó rẹ́rìn-ín, ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Gbogbo ìlú ń kí mi kú akin, wọ́n fi mí joyè láàárín àwọn ọdẹ. Mo jó, mo sì sọ ìtàn náà ní oríṣi méje, ó sì ń dùn sí i ni. Ṣùgbọ́n ní òròòwúrọ̀, mo máa ń rí Àkànó tí yóò dúró sí ẹ̀yìnkùlé, tí yóò yí etí sí igbó, tí yóò pa ọrùn mọ́ àárín èjìká bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí àgbàdo bá dà sílẹ̀, mo ń rí i tí ìka rẹ̀ ń ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹnu ẹyẹ. Kò bá mi jà rí. Kò sì béèrè nǹkan kan. Mo di egungun náà sínú aṣọ, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Ìyá wa fọwọ́ rọrí kú, a sin ín dáadáa. Ní oṣù kejì, ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, Àkànó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ohùn ta ni ẹ fi pè mí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi tipẹ́, ó ti pọ́n, ó ti rọ̀. Mo gbé e mì. "Ohùn rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fi ewé bò ó. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní, yéè, mo ti bo alààyè mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré."

Mo ní, "Àkànó, nítorí ìyá wa ni."

"Mo mọ ìyẹn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró títí wọ́n fi lọ." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi."

Mo wọlé, mo tú aṣọ, mo gbé egungun náà fún un. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ti kọ́ mi: ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kì í ṣe àárín, pa ètè mọ́ ọn, fà á ṣókí, jù ú sílẹ̀. Mo ń múra láti sọ fún un pé kó má bínú bí kò bá dún lọ́jọ́ méje àkọ́kọ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dùn ju tèmi lọ, ó dùn ju ti màmá Àmísínú lọ. Ó mọ ohùn tó ń wá. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Oòrùn ti yọ. Àwọn ará ilé ń jí, ẹnìkan ń fa omi ní kànga. Láti etí igbó, ohùn kan dáhùn.

*Kiyọ́.*

Ọdẹ ni mí, mo mọ ohùn tó kọlu igi tó padà. Èyí kò padà láti ibikíbi. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àkànó fi egungun náà lé mi látẹ́lẹwọ́, ó pa ìka mi dé mọ́ ọn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dàárọ̀ o," ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó sì ń rìn lọ lórí ìrì.

Mo lágbára nígbà náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni, ǹ bá ti dì í mú. Ọwọ́ mi dìde, mo rí i bó ti dìde. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lókè títí ó fi rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Egungun tó ti lo ọdún mẹ́rin nísàlẹ̀ àpótí mi, ó gbóná lọ́wọ́ kejì bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lábẹ́ adìyẹ.

Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ fún yín. Bóyá ó bá aya rẹ̀, bóyá kò bá a, ewé pa dé lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó mọ̀, n kò sì ní fi ẹnu àgbà bu ohun tí n kò rí lé e. Ẹ dìde, kí oníkálukú máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.